Ọdẹ Mẹ́rin Lórí Ẹní Kan: Ìwúlò àti Àléébù Géèmù "Monster Hunter Freedom Unite"

Ìwé la sábà máa ń gbé yẹ̀ wò ní abala yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé ni mo mú wá, géèmù ni. Mo mọ̀ pé àwọn òbí mìíràn yóò ti máa mirí, wọn yóò máa bi ara wọn pé kí ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ń wá nídìí ohun ìṣeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tó bá ń gba àkókò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ó yẹ kí a mọ inú rẹ̀ kí a mọ òde rẹ̀ kí a tó dá a láre tàbí kí a dá a lẹ́bi. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Èmi gan-an ti ṣe irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 15, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti fún un ní ẹ̀rọ PSP àlòkù kan, ẹ̀rọ géèmù pẹlẹbẹ tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ní òru ọjọ́ kan, mo jí ní aago 2, mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ náà, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo sì sọ fún un pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ náà tó rí ẹnu bá mi sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi pé mo gbá a dòru. Ṣùgbọ́n ẹ ní kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ṣé ẹ ti fọwọ́ ara yín gbá a rí ni?"

N kò rí èsì fún un. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo ní kí ó wá kọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, kí n má fi ti ọmọ bo ti géèmù, kí n má sì fi ti géèmù bo ti ọmọ.

KÍ NI GÉÈMÙ YÌÍ?

Ilé iṣẹ́ Capcom ní orílẹ̀-èdè Japan ló ṣe é. Ọdún 2004 ni Monster Hunter àkọ́kọ́ jáde fún ẹ̀rọ PlayStation 2, èyí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 2005, wọ́n gbé e wá sórí PSP, ẹ̀rọ àgbéká tí Sony ṣe. Eléyìí tí mò ń sọ, Freedom Unite, jáde ní Japan ní oṣù kẹta ọdún 2008, ó sì dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Yasunori Ichinose ló darí iṣẹ́ náà, Ryozo Tsujimoto sì ni agbátẹrù rẹ̀. Sony ti dáwọ́ ṣíṣe PSP dúró láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n àlòkù rẹ̀ ṣì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, bí ó ṣe dé ilé tèmi.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ọdẹ kan ń gun òkè tí òjò dídì bò. Ẹranko abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Tigrex, tó dà bí aláǹgbá tó tóbi ju ilé lọ, tó ní ìyẹ́ lápá àti ilà lára bí ẹkùn, kọ lù ú títí ó fi já bọ́ láti etí òkè. Àwọn ará abúlé Pokke gbé e, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ilé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọdẹ abúlé. Ìyá àgbà kúkúrú kan tó jẹ́ olórí abúlé ni yóò máa fún un níṣẹ́. Láti orí jíjá ewé àti wíwá olú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi tó ẹni tó lè padà lọ kojú Tigrex náà.

Ohun ìjà 11 ló wà níbẹ̀: idà ńlá, idà gígùn, idà pẹ̀lú asà, idà méjì, òòlù, fèrè ìṣọdẹ, ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ oníbọn, ìbọn fífúyẹ́, ìbọn wíwúwo, àti ọrun pẹ̀lú ọfà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fún ní ìṣẹ́jú 50. Bí ọdẹ bá dákú lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.

IBI TÓ DÁRA SÍ

Èkínní, géèmù yìí kò gba ìkánjú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí ọmọ bá ti ń pa nǹkan ni agbára ẹni tó ń darí yóò máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ kì í ní agbára kún agbára nítorí pé ó ti pa ẹran púpọ̀. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ kò ju méjì lọ: irinṣẹ́ tó ṣe, àti òye tó wà lórí ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kò sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ tí yóò sọ fún ọ bóyá ẹranko náà kú díẹ̀ tàbí ó kù púpọ̀. Ara rẹ̀ ni wàá máa wò. Bí ó bá ń tiro, tó ń sá lọ sí ihò rẹ̀ láti sùn, o mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kojú Tigrex, mo sáré sí i bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Mo tún dìde, ó tún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ọmọ náà rọra sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ má tíì nà án. Ẹ kọ́kọ́ wò ó." Mo wò ó. Mo rí i pé bí ó bá sáré kọjá, kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọ́dọ̀ yí ara rẹ̀ padà. Mo rí i pé bí inú bá ń bí i, apá àti orí rẹ̀ á pọ́n, yóò sì yára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo rí i pé bí mo bá dúró síwájú ògiri àpáta tí mo yẹ̀ fún un, eyín rẹ̀ á há sínú àpáta, n ó sì ráyè ti idà bọ̀ ọ́ lára. Ẹranko náà kò yí padà, agbára mi kò sì pọ̀ sí i. Èmi ni mo kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ nìyí.

Èkejì, ó ń kọ́ni ní ìmúrasílẹ̀. Kí ọdẹ tó jáde, ó gbọ́dọ̀ ro ibi tó ń lọ. Bí ó bá jẹ́ òkè òjò dídì, ó gbọ́dọ̀ mú ohun mímu gbígbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òtútù yóò gba okun rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi òkè tó ń tú iná, ohun mímu tútù ni yóò mú. Ewé àti olú búlúù ni a ń pò di oògùn. Bí a bá fi oyin kún un, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹran ni a ń yí lórí iná pẹ̀lú orin kékeré kan: bí o bá yọ ọ́ kí ó tó àkókò, kò jinná, bí o bá fi falẹ̀, ó jóná. Idà á máa kú bí a bá ti ń lò ó, ọdẹ á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ́n ọn. Bí ó bá mu oògùn tán, á dúró na apá rẹ̀ méjèèjì bí alágbára. Bí o bá mu ún níwájú ẹranko, o ti fi ara rẹ ta. Gbogbo nǹkan ló ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é láìtọ́ àkókò ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tó wù mí jù, ni ìṣọdẹ ẹlẹ́ni mẹ́rin. PSP mẹ́rin lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà bí wọ́n bá wà nítòsí ara wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ mẹ́ta dé láti Lọ́ńdọ̀nù, tàwọn ti ẹ̀rọ wọn, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀ fún wọn, mo sì jókòó ti wọ́n. Òfin ibẹ̀ ni pé ìdákú mẹ́ta náà kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti gbogbo wọn pọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ṣe àìbìkítà tó dákú lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ gbogbo wọn ti bàjẹ́. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá sì dákú, owó iṣẹ́ náà á dín fún gbogbo wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀: "Bọ̀dá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀." "Ẹ dúró dè mí, mò ń pọ́n idà." Ẹni tó kéré jù nínú wọn ló mú fèrè ìṣọdẹ. Òun kò fi bẹ́ẹ̀ na ẹranko náà, ṣùgbọ́n orin tó ń fọn ló ń fún àwọn yòókù lókun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ti sọ òwe yìí fún àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń fi ṣe nǹkan láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Ohun yìí gan-an ló gbé géèmù náà ga ní Japan. Ó tà ju mílíọ̀nù 3 lọ níbẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń gbé PSP wọn dání, wọ́n ń pàdé ní ilé oúnjẹ àti nínú ọkọ̀ ojú irin láti jọ dẹ ìgbẹ́. Gbólóhùn tí Capcom fi ń polówó rẹ̀ di ohun tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́: ẹ jẹ́ ká lọ dẹ ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

IBI TÓ KÙ SÍ

Bí ojú bá rí dáadáa, kí ó má ṣe fọ́ sí àìdáa. Àléébù géèmù yìí pọ̀, àwọn kan sì wúwo.

Àléébù àkọ́kọ́ wà lára ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnnì róbótó kan ṣoṣo ni PSP ní tí a fi ń rìn, apá òsì ló sì wà. Bọ́tìnnì tí a fi ń yí ojú kámẹ́rà wà ní apá òsì kan náà, lókè rẹ̀. Àtàǹpàkò kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá á máa ká ìka ìlábẹ̀ wọn bí èékánná àṣá láti lè máa rìn kí wọ́n sì máa wò yíká. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ mi ń ro mí títí dé ọrùn ọwọ́. Bí ẹranko bá sì há ọdẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ògiri nìkan ni kámẹ́rà á máa fi hàn ọ́. Ìyà àìmọ̀kan ni a lè gbà, nítorí a lè kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ìyà àìríran kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àléébù kejì ni pé olùkọ́ tó ń pa ẹnu mọ́ ni. Nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò gbé ọ dé ipò tó kàn, ṣùgbọ́n géèmù náà kò ní sọ èwo ni. O lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ tí kò ní mú ọ kúrò lójú kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ni yóò jàjàbọ́. Ẹni tó bá dá wà, á máa pààrà ojú kan náà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bíi Monster Hunter: World ti ọdún 2018, ti tún èyí ṣe púpọ̀, àwọn kòkòrò tó ń tàn ló ń fi ọ̀nà han ọdẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ti tuntun wọ̀nyí, ọmọ lè bá ẹni tí kò rí rí, tí kò sì mọ ilé rẹ̀, dẹ ìgbẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. A ti rí ìmọ́lẹ̀, a ti pàdánù ẹní.

Àléébù kẹta ló wúwo jù. Ibi ara ẹranko ni a fi ń ṣe ẹ̀wù àti ohun ìjà: ìpẹ́, awọ, eyín, ìrù. Èyí dára níbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ìfiṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí o lè pa ẹranko kan náà lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kí o má rí wọn, kí ẹlòmíràn sì rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ́n kò ràn án mọ́ níbí, oríire ni. Mo ti ronú lé e bóyá tẹ́tẹ́ ni kí n pè é. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, nítorí kò sí owó ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń sọ sétí ọmọ jọ ohun tí tẹ́tẹ́ ń sọ: ẹ̀ẹ̀kan sí i, bóyá ó máa bọ́ sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora ní aago 2 òru nìyẹn. Ọmọ náà fi káàdì ọdẹ rẹ̀ hàn mí, èyí tí géèmù fi ń ka wákàtí tí ènìyàn ti lò. Wákàtí 312 ló wà níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ó ti pọ̀ jù?" Mo ní kí ó fi 24 pín in. Ó pín in, ó dákẹ́. Ọjọ́ 13 gbáko ni, ọ̀sán àti òru.

Ẹ tún wo ibi tí ó gbé ọdẹ náà dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń dẹ ìgbẹ́ kí abúlé lè sùn ní àlàáfíà. Nígbà tó yá, ó ń pa Tigrex ogún nítorí fìlà irin kan. Ẹranko tó sùn sínú ihò rẹ̀, tí kò kọ lu ẹnikẹ́ni, ó lọ jí i kí ó lè gé ìrù rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwòrán lásán ni, kò sí ẹ̀mí tó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé a kì í pa ohun abẹ̀mí láìnídìí, ó sì yẹ kí òbí ráyè bi ọmọ pé: eléyìí, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Géèmù náà fúnra rẹ̀ kò béèrè rí. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi pamọ́, pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan ni wọ́n fún ọdẹ ní ohun ọ̀sìn inú ilé. A lè fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ọmọ wa kò sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ti ìrun ti rí? PSP ní ibi tí a ń tì sókè díẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò fi sùn, tí géèmù yóò sì dúró síbi tó dé. Nítorí náà, ẹni tó ń dá gbá a kò ní àwáwí kankan. Ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́ni mẹ́rin kì í dúró. Bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rọ rẹ̀ sùn, ó ti já kúrò láàárín wọn. Ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn, Tigrex ti ń tiro nígbà tí ladani pe ìrun Mọ́gíríbì. Àwọn ọmọ náà wo ojú ara wọn, wọ́n sì wo ojú mi. N kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó kéré jù, onífèrè, ló ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sí bùdó." Bùdó ọdẹ ni ibi tí ẹranko kì í dé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sá padà síbẹ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí a kírun tán, ìṣẹ́jú tó kù kò tó nǹkan, ẹranko náà sì ti sùn, ara rẹ̀ ti le. Àkókò tán kí wọ́n tó pa á. Wọ́n pàdánù iṣẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe lọ́la.

Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ni, lábẹ́ aṣọ ìbora, ta ni ì bá ní kí á padà sí bùdó?

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ìdájọ́ mi nìyí. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ, Monster Hunter Freedom Unite dára ju ọ̀pọ̀ géèmù tí mo ti rí lọ. Ó mọ bí a ti ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù, ní ìmúrasílẹ̀, àti bí a ti ń ro ti ẹnìkejì mọ́ tara ẹni. Ohun tí kò mọ̀ rárá ni bí a ti ń sọ pé ó tó. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ìdánìkanwà kò dára fún ọdẹ, wọ́n fún ẹni tó bá dá wà ní ológbò kan tí yóò máa bá a lọ sí ìgbẹ́. Ológbò náà ń jà dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà kò lè sọ pé, "Ọ̀gá, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ jẹ́ ká lọ sùn." Ènìyàn ló lè sọ ìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ gbá a níbi tí ojú ti ń rí yín, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín jókòó. Bí ẹ bá rí i pé ohun tí ẹ ń wá kù sọ́wọ́ oríire, ẹ pa á, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin òbí, gbígba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ rọrùn, mo ti ṣe é rí. Ó gba ìṣẹ́jú kan péré. Bíbá a jókòó ló ṣòro. Mo ti dá ẹ̀rọ ọmọ náà padà fún un pẹ̀lú àdéhùn kan: lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, inú dúrọ́ọ̀ ni PSP yóò sùn, àárọ̀ ni yóò sì jí. Ó fọwọ́ sí i. Òun náà bá mi dá àdéhùn tirẹ̀: pé ní ọjọ́ Sátidé, èmi ni n ó máa fọn fèrè.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún àwa náà ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n. Àmín.